Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Síkéètì L'Ádó-Èkìtì Kẹ́ẹ Tó Dé Orí Yìnyín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti ṣe díẹ̀ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ síkéètì orí yìnyín, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi bàtà tó ní irin lábẹ́ yọ̀ lọ lórí omi tó dì, àwọn kan ń múra àtilọ sí Kánádà, àwọn míì ọmọ wọn ti wà níbẹ̀, ọmọ á fi fídíò ránṣẹ́ sílé, màmá á máa wò ó, àyà á máa já a pé ọmọ òun ò ní forí gbálẹ̀ báyìí. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni màá máa ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́.

Lóòótọ́, kò sí yìnyín téèyàn lè dúró lé l'Ékìtì níbí. Èyí táa mọ̀ ò ju èyí tó máa ń bọ́ pẹ̀lú òjò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan táwọn ọmọdé á sáré jáde lọ ṣà jẹ, àtèyí tó wà nínú fìríísà àwọn tó ń ta omi tútù. Àmọ́ síkéètì orí yìnyín àti síkéètì onítáyà, èyí tí wọ́n ń fi bàtà tó ní táyà kéékèèké lábẹ́ ṣe, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tí orúnkún yín bá kọ́ lórí kọnkéré l'Ádó, kò ní gbàgbé ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé Toronto.

Ẹ má rò pé mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ tù yín nínú o. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Erin Jackson, ìlú Ocala ní Florida ló ti wá, ibẹ̀ gbóná bíi tiwa níbí. Orí bàtà onítáyà ló dàgbà sí. Nígbà tó wá bọ́ sórí yìnyín, bí oṣù mẹ́rin péré ló fi dánra wò kó tó rí àyè wọ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 2018, nígbà tó sì di 2022 ní Beijing, góòlù ló gbà nínú eré 500 mítà. Ọdún 2018 yẹn náà ni ọmọ tiwa, Seun Adigun, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ méjì dání, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, wọ́n lọ ṣojú Nàìjíríà nínú eré bobsled, ìyẹn eré tí wọ́n ń jókòó sínú ọkọ̀ kan tó ń yọ̀ lọ lórí yìnyín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilẹ̀ Áfíríkà máa ní ẹgbẹ́ nínú eré yẹn ní Òlíńpíìkì. Igi ni Seun kọ́kọ́ fi kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dánra wò ní Houston. Nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé ìgbà tẹ́ ẹ bá rí yìnyín lẹ máa tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí màá sọ: ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Kẹ́ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, kẹ́ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, ẹ kọ́ ìṣubú.

Èmi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún mi. Oṣù Kejìlá ni, mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta ní Toronto, àwọn ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí Nathan Phillips Square, iwájú gbọ̀ngàn ìlú wọn, níbi tí wọ́n máa ń sọ omi ibẹ̀ di pápá yìnyín tí òtútù bá ti dé. Mo rí ọmọ kan tí ò lè ju ọdún mẹ́rin lọ tó ń sá kiri níbẹ̀, ọkàn mi wá balẹ̀. Mo gun orí ẹ̀, mo nà ṣánṣán, ẹsẹ̀ mi le gan, torí ẹ̀rù ìṣubú ló wà lọ́kàn mi. Bàtà yọ síwájú, èmi ń lọ sẹ́yìn, mo ta ọwọ́ òsì sẹ́yìn láti fi gba ara mi. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ kí n tó gbọ́ ìrora ẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ ti sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ọwọ́ yẹn fi wà nínú ohun tí wọ́n fi dì í. Ìyá àgbà kan ló bá mi dìde lọ́jọ́ yẹn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé, ó ní àwọn ọmọ tí mò ń wò yẹn ń ṣubú jù mí lọ, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n ṣubú ni.

Mo ti padà sílé báyìí, àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa, ìṣubú la sì fi ń bẹ̀rẹ̀, látọjọ́ yẹn kò tíì sí ọmọ kan tó ṣẹ́ lápá lọ́wọ́ mi.

Bàtà

Oríṣi méjì lẹ máa rí. Ọ̀kan wà tí táyà ẹ̀ jẹ́ méjì níwájú méjì lẹ́yìn bíi ti mọ́tò, ọ̀kan sì wà tí táyà ẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ìlà kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ eré lásán lẹ fẹ́ fi ṣe, èyíkéyìí dáa, oníméjì-méjì yẹn gan-an rọrùn láti dúró lé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní yìnyín lọ́kàn, onílà kan ni kẹ́ẹ rà, torí irin tó wà lábẹ́ bàtà yìnyín náà, ìlà kan ni, bí ara ṣe máa ń wá báláànsì lórí méjèèjì jọra wọn gan-an.

Òkìríkà ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, òkìríkà tó dáa sàn ju tuntun tí wọ́n fi rọ́bà játijàti ṣe lọ. Ẹ di ọrùn bàtà yẹn mú kẹ́ẹ gbìyànjú àtitẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá wó bí ìbọ̀sẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, torí òun ló yẹ kó di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka yí táyà kọ̀ọ̀kan. Tó bá yí fìrìrìrì tó sì pẹ́ kó tó dúró, bẹ́rìn ẹ̀, irin inú táyà tó ń jẹ́ kó yí, dáa nìyẹn, tó bá ń ké kẹrẹkẹrẹ, yanrìn ti wọ̀ ọ́, àmọ́ ìyẹn ò le jù, sáìsì 608 ló wọ́pọ̀ nínú wọn, ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà kan tún máa wà lára táyà, bíi 78A tàbí 85A. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni rọ́bà ẹ̀ ṣe rọ̀ tó. Ilẹ̀ tiwa ò dán, nítorí náà ẹ wá èyí tó wà láàárín 78A sí 82A, 85A á kàn máa mi eyín yín lẹ́nu ni. Kí gíga táyà wà láàárín mìlímítà 72 sí 80, àwọn ńlá-ńlá tó jẹ́ 100 yẹn ń sáré ju ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ká máa ra bàtà tó tóbi fọ́mọ pé á dàgbà bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún bàtà yìí, bí ẹsẹ̀ bá ti ń yí nínú ẹ̀, ọmọ yẹn ò lè darí ẹ̀ láéláé. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé téèyàn bá nà dúró, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á fara kan iwájú ẹ̀ díẹ̀, tó bá wá tẹ orúnkún, á fà sẹ́yìn, gìgísẹ̀ ò sì gbọdọ̀ gbéra. Ìbọ̀sẹ̀ kan péré, kó ga kọjá ẹnu bàtà kó má bàa bó yín. Tẹ́ ẹ bá ń so okùn ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ níbi ọmọ ìka, kẹ́ẹ wá fà á le dáadáa tó bá dé ọrùn ẹsẹ̀.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì, ti ọlọ́kadà ti wúwo jù fọ́mọdé, irú èyí táwọn tó ń gun básíkù ń dé ni kẹ́ẹ wá. Pádì orúnkún, ti ìgúnpá, àti ti ọrùn ọwọ́ náà wà. Tówó ò bá ká gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ ra ti orí àti ti ọrùn ọwọ́, ẹ mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ́ ọ

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òkè ló yí Adó ká, ibi téèyàn bá sì rò pé ó tẹ́jú gan-an, ó máa ń dà. Ẹ mú bọ́ọ̀lù dání lọ. Ẹ rọra gbé e sílẹ̀ kẹ́ẹ yọwọ́, tó bá yí lọ fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ náà ṣe máa yí lọ nìyẹn, ẹ wá ibòmíì. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kọnkéré ṣe dáa, ibi táwọn ọmọ ilé ìwé ti ń tò láàárọ̀ náà dáa, àmọ́ ẹ lọ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Íńtálọ́ọ̀kì ò dáa fún ìbẹ̀rẹ̀ torí àlàfo àárín ẹ̀ á máa gbá táyà. Títì ńkọ́? Rárá o. Ìbáà jẹ́ Bàsírì, ìbáà jẹ́ ọ̀nà Ìwòròkò, ọlọ́kadà tó ń bọ̀ ò mọ̀ pé ẹ ò ní búréèkì.

Ẹ gbá ibẹ̀ kẹ́ẹ tó wọ bàtà. Òkúta tí ò ju ẹ̀wà kan lọ ti tó láti dá táyà dúró gbọnrangandan, bàtà á dúró, ẹ̀yin á máa lọ. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń gbá tiwa. Tí òjò bá sì ti rọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátá.

Ìdúró nídìí odó

Ẹ má tíì wọ bàtà o. Ṣé ẹ ti gúnyán rí? L'Ékìtì, ta ni mò ń bi léèrè! Ó dáa, ẹ dúró bẹ́ẹ ṣe máa ń dúró tí odó: ẹsẹ̀ ya tó èjìká, orúnkún rọ̀, ìdí lọ sẹ́yìn díẹ̀, àyà wá síwájú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń nà ṣánṣán gúnyán, ọmọ odó á gbé e lọ. Ìdúró síkéètì nìyẹn, lórí táyà àti lórí yìnyín, kò sí òmíràn.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ó yẹ kí orúnkún yín bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò fi ní rí i. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí i, ẹ tẹ orúnkún sí i. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá wọ bàtà, ojúgun yín gbọ́dọ̀ máa fara ti ahọ́n bàtà níwájú ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ bá ti gbọ́ pé ojúgun ti kúrò níbẹ̀, ara ti ń lọ sẹ́yìn nìyẹn, ẹ̀yìn sì ni ìṣubú tó burú jù wà. Ọwọ́ méjèèjì á wà níwájú níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i, bí ẹni gbé tíréè oúnjẹ lọ fún àlejò. Lẹ́yìn ìgbà kan yẹn, ẹ má wo ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹni tó gbé garawa omi sórí kì í wo ẹsẹ̀ ẹ̀, iwájú ló ń wò, ẹsẹ̀ á sì mọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ lè máa ṣe nílé láàárọ̀, ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan wọ ṣòkòtò láìfara ti nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá lè dúró ka ení dé ẹẹ́wàá lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí orúnkún tẹ̀, ẹ ti ṣe tó ìdajì iṣẹ́.

Ìṣubú

Orí koríko tàbí kápẹ́ẹ̀tì la ti ń bẹ̀rẹ̀ èyí, pádì á wà lára, bàtà onítáyà ò tíì ní sí lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún wálẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ lóṣòó, torí bẹ́ẹ bá ṣe sún mọ́lẹ̀ tó ni ilẹ̀ ò ṣe ní lè nà yín tó. Ẹ wá dẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ìdí tó ní ẹran kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí itan tẹ̀ lé e, kì í ṣe ojú egungun ìdí gan-an o. Ẹ gba àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa kanlẹ̀. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn. Màá tún un sọ, ọwọ́ ò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn, ẹ kó o mọ́ra níwájú.

Tó bá jẹ́ iwájú ló ń gbé yín lọ, tí pádì sì wà lára, ìdọ̀bálẹ̀ ni kẹ́ẹ ṣe. Orúnkún á kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìgúnpá á tẹ̀ lé e, àtẹ́lẹwọ́ á gbẹ̀yìn, kẹ́ẹ ká ìka sókè kúrò nílẹ̀ kó lè jẹ́ pé pádì ló ń ha ilẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi di ọwọ́ mi mú, bí mo bá yọwọ́ báyìí á kígbe. Lọ́jọ́ kan mo ní a ò ní wọ bàtà lónìí rárá, a máa ṣubú ni. Ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò ní dùn mí?" Mo ní, "Bá mi ṣe é, ká jọ wò ó." Èmi àtẹ̀ jọ ṣubú sórí koríko. Ó dìde, ó wo ìgúnpá ẹ̀, ó tún wo orúnkún ẹ̀, ó ní ká tún ṣe é. Nígbà tó fi máa tó ìgbà kẹwàá, òun ló ń pè mí pé kí n wá wo bóun ṣe ń dẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e ló tú ọwọ́ mi sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan tuntun kankan láàárín méjì, ilẹ̀ nìkan ló ti mọ̀.

Ogún ìgbà ni kẹ́ẹ ṣe é, mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì. Lẹ́yìn náà ẹ wọ bàtà kẹ́ẹ tún un ṣe lórí koríko.

Ọ̀nà àtidìde nìyí. Ẹ yí padà, kẹ́ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kí bàtà ẹ̀ dúró pa lábẹ́ yín, orúnkún kejì ṣì wà nílẹ̀, bí ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí bàbá ẹ̀ ṣe máa ń dìde. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orúnkún tó wà lókè yẹn, ẹ fi ti ara yín dìde, àmọ́ ẹ má nà tán, ìdí odó ni kẹ́ẹ padà sí.

Ìrìn pẹ́pẹ́yẹ, lẹ́yìn náà kó máa gbé yín lọ

Lórí kọnkéré báyìí. Kí gìgísẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, kí ọmọ ìka kọjú síta, ẹ máa gbẹ́sẹ̀ kéékèèké bíi pẹ́pẹ́yẹ. Kẹ́ẹ tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ rí i pé gbogbo ara ti wà lórí òsì, kẹ́ẹ tó gbé òsì, kí gbogbo ara ti wà lórí ọ̀tún. Ẹni tó bá pín ara ẹ̀ sí méjì, ẹsẹ̀ á máa ya lọ lábẹ́ ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ to ẹsẹ̀ méjèèjì síra, ẹ tẹ orúnkún, ẹ jẹ́ kó máa gbé yín lọ. Ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé àwọn èèyàn á fẹ́ sáré bí ẹni sáré lórí ilẹ̀, wọ́n á fi ọmọ ìka ti ilẹ̀ sẹ́yìn gbọọrọ. Táyà ò ní gbà, á kàn yí ni. Ẹ̀gbẹ́ lẹ máa tì sí, ẹ fi etí inú bàtà ti ilẹ̀ síta, ẹsẹ̀ á lọ síta, ara á lọ síwájú. Lórí yìnyín, bó ṣe rí náà nìyẹn.

Nígbà tí ìyẹn bá mọ́ yín lára, ẹ gbìyànjú èyí tí mo máa ń pè ní kòkó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀ tó sún mọ́ra, ọmọ ìka síta. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ ti ẹsẹ̀ méjèèjì síta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa ya lọ síwájú, tó bá ti fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, ẹ yí ọmọ ìka sínú, kẹ́ẹ rọra dìde, wọ́n á tún pàdé. Tí eruku bá wà nílẹ̀ ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ máa rí àmì ẹ̀ bí èso kòkó tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹsẹ̀ kankan ò gbéra nílẹ̀, síbẹ̀ ẹ ń lọ. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ẹ̀ lọ fẹ́ni tẹ́rù ṣì ń bà.

Dídúró

Lórí táyà onílà kan, búréèkì wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ bàtà kan, ọ̀tún ló sábà máa ń wà. Ẹ ti ẹsẹ̀ oníbúréèkì síwájú ìkejì, tó bàtà kan gbáko, ẹ gbé ọmọ ìka ẹ̀ sókè, kẹ́ẹ wá jókòó wálẹ̀ díẹ̀ bíi pé àga wà lẹ́yìn yín. Orúnkún ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn jù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójijì.

Ti orí yìnyín yàtọ̀, bàtà yẹn ò ní búréèkì kankan, òrùlé lẹ máa fi ṣe: ọmọ ìka méjèèjì kọjú síra bí òrùlé ilé, orúnkún tẹ̀, ẹ wá ti gìgísẹ̀ síta kí irin máa fá ojú yìnyín. Á ró ṣààà, yìnyín á hó bí èlùbọ́ funfun síwájú ẹsẹ̀, ẹ máa dúró. Ẹ má retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí táyà o, rọ́bà máa ń dì mọ́lẹ̀ ni, kì í fá nǹkan, èyí ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá wá dé orí yìnyín

Irin abẹ́ bàtà yẹn ò pẹlẹbẹ bí ojú ọ̀bẹ. Ó nípọn tó mìlímítà mẹ́rin tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbẹ́ àárín ẹ̀ wọnú díẹ̀, nítorí náà ó ní etí méjì, ti inú àti ti ìta, àwọn etí yẹn ló ń di yìnyín mú. Tí irin bá ti kú, bàtà á máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáá, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ á rò pé òun lòun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tẹ́ ẹ bá yá bàtà níbẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn bàtà kan ní eyín níwájú irin wọn, àwọn tó ń jó lórí yìnyín ló ń lò ó fi fò, bàtà àwọn tó ń gbá họ́kì ò ní in. Ẹ má fi eyín yẹn ti ilẹ̀, á gbé yín ṣubú síwájú.

Ohun tó ń jẹ́ kí yìnyín yọ̀ ni pé omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lójú ẹ̀ tójú ò lè rí, kódà nígbà tí òtútù mú. Ìyẹn ni bẹ́ẹ bá tì í lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ jìnnà ju bẹ́ẹ ṣe máa lọ lórí táyà. Ẹ jẹ́ kí ìtì àkọ́kọ́ kéré. Láàárín kan wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn jáde, ọkọ̀ ńlá kan á wọlé, á fá ojú yìnyín, á da omi lé e kó tún dán. Zamboni ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni, Frank Zamboni, ní California lọ́dún 1949. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, omi á ṣì wà lójú yìnyín, á yọ̀ gan-an, ẹ dúró díẹ̀ kó gan kẹ́ẹ tó wọlé.

Ẹ di ẹ̀gbẹ́ pápá mú tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wọlé, àmọ́ ẹ má pẹ́ níbẹ̀, torí ẹni tó bá fara ti ògiri kì í tẹ orúnkún. Ẹ wo apá ibi tí gbogbo èèyàn ń yí sí, kẹ́ẹ bá wọn yí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ di ìka ọwọ́ pọ̀ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ẹ kó o mọ́ àyà, torí irin ẹlòmíì lè kọjá lórí ẹ̀, kẹ́ẹ sì tètè dìde kúrò lọ́nà. Ẹ má di aṣọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ. Ní Toronto, owó kankan ò sí lórí síkéètì ní pápá ìta tí ìjọba ìlú ń ṣe, tẹ́ ẹ bá ti ní bàtà tiyín, nítorí náà kì í ṣe eré olówó nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ bá mi sọ eléyìí fún wọn dáadáa: adágún tàbí odò tó dì kì í ṣe ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní yìnyín gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán kéèyàn kan tó dá rìn lórí ẹ̀, ojú ò sì lè wọn ìyẹn. Ní Ottawa, wọ́n máa ń ṣí apá kan odò Rideau Canal fún síkéètì, kìlómítà 7.8 ni apá yẹn gùn, àwọn tó mọṣẹ́ ló ń wọn yìnyín ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà òtútù 2022 sí 2023, wọn ò ṣí i rárá, yìnyín ò nípọn tó. Ibi tí wọ́n bá wọ̀n tí wọ́n sì ṣí nìkan ni kí ọmọ yín lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó, ìbáà jẹ́ táyà ìbáà jẹ́ yìnyín. Bẹ́ẹ bá ti gbọ́ pé itan ń gbọ̀n, orúnkún ò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í nà ṣánṣán láìmọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ẹ bọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin bàtà yìnyín kí ìpẹtà má bàa mú un, ẹ má sì fi rìn lórí kọnkéré láìfi nǹkan bò ó. Ti onítáyà, ẹ fi aṣọ tó lọ́rinrin díẹ̀ nu eruku ẹ̀ kúrò, ẹ má rì í sómi rárá torí bẹ́rìn, kẹ́ẹ tú okùn ẹ̀ pátá kí atẹ́gùn lè wọ inú bàtà títí di Sátidé tó ń bọ̀.